Ìbọn mi ń gbá mi léjìká jù, ṣé mo lè dín ẹ̀tù inú ọta kù?

BàbáÀgbàdo_Òṣogbo

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin ọdẹ. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú tó bá gùn. Oko mi wà lọ́nà Ìlobù, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ọ̀yà ń fi ojú àgbẹ̀ rí. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni mo ń lò, 12 bore, bàbá mi ló ni í tẹ́lẹ̀, ìwé ẹ̀ pé o, orúkọ mi ló wà níbẹ̀ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹn dà mí lọ́rọ̀ rú. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé ọ̀kadà gbé mi ṣubú ní Ọlá-Ìyá lọ́dún tó kọjá, eegun èjìká ọ̀tún kán, wọ́n tò ó, ó ti jiná, àmọ́ tí mo bá yin ìbọn ẹyọ kan péré báyìí, ọwọ́ yẹn á máa ro mí di ọjọ́ kejì. Ìbọn yẹn ti máa ń gbáni tẹ́lẹ̀ ṣá, bàbá mi gan-an a máa ráhùn ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ara le.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Texas, ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, òun fúnra ẹ̀ ló ń di ọta ráífù ẹ̀ nílé, ó ní òfin ibẹ̀ gbà á láàyè. Ó dín ẹ̀tù kù nínú ọta ìyàwó ẹ̀ kí ráífù má baà gbá a, ìyàwó ọ̀hún sì fi pa ẹran kan tó tó àgbọ̀nrín ilé wa, mo rí fọ́tò. Ni mo wá ń rò ó pé tó bá ṣeé ṣe fún ráífù, kí ló dé tí n ò lè ṣí ẹnu ọta tèmi náà, kí n da ẹ̀tù díẹ̀ nù, kí n pa á dé padà. Ṣé ó léwu ni? Àbí ọ̀nà míì wà? N ò lè fi ìbọn yìí sílẹ̀ o, oko ń run.

Ṣẹ́gun_ÒkèFíà

Bàbá, ẹ ṣí i jàre, kí ló le ńbẹ̀? Ẹ̀tù ṣá ni. Èyí tó bá kéré á gbá yín kékeré. Àwọn kan ń ṣe é ládùúgbò wa, nǹkan kan ò ṣe wọ́n.

ỌmọỌdẹ_Òkínní

Ṣẹ́gun, o ò ní pa bàbá oníbàbá. Ẹ má gbọ́ tiẹ̀ rárá, bàbá.

Ẹ̀tù inú ọta òde òní, èyí tí kì í rú èéfín púpọ̀ yẹn, kì í ṣe nǹkan tó kàn ń jó bí èédú. Ó fẹ́ kí nǹkan há a mọ́ kó tó lè jó tán. Nínú ọta 12 bore, ẹ̀tù wà nísàlẹ̀, róbà jókòó lé e, òjé wà lórí róbà, ẹnu ọta ká mọ́ gbogbo ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n, bí wọ́n ṣe ki wọ́n, bí ẹnu yẹn ṣe le tó, gbogbo ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti bá ẹ̀tù yẹn ṣírò pọ̀. Tí ẹ bá da díẹ̀ nù, àyè á ṣẹ́ kù nínú ẹ̀, róbà ò ní tẹ ẹ̀tù mọ́lẹ̀ mọ́, ẹnu tí ẹ sì fọwọ́ pa dé ò lè le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀tù á jó ní ìlàjì. Ẹ ò ní gbọ́ "gbàù", "pùú" lẹ máa gbọ́, òjé á ṣubú síwájú yín, róbà á há sínú ọ̀pá ìbọn.

Róbà tó há yẹn ló ń pa èèyàn. Torí pé ọ̀yà á ti máa sá lọ, ẹ̀yin náà á sáré ki òmíràn bọ̀ ọ́, ẹ fà á, ọ̀pá á ya ní ibi tí ọwọ́ òsì yín wà gan-an. Kódà ọta tí ẹ rà ní páálí tí ẹ ò fọwọ́ kàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ tí omi tàbí ooru bá ti bà á jẹ́. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ìbọn bá dún lọ́nà tí kò yé yín, ẹ kọjú ẹ̀ sílẹ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ yọ ọta, kí ẹ wá wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn bóyá ìmọ́lẹ̀ ń wọlé. Láti ẹ̀yìn o, kì í ṣe láti ẹnu.

Àwọn tí Ṣẹ́gun ní nǹkan ò ṣe wọ́n, kò tíì ṣe wọ́n ni.

Dèjì_Atlanta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ará ilé. Ọmọ Ìgbọ̀nà ni mí, Georgia ni mò ń gbé, èmi náà ń di ọta ráífù mi nílé, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe gan-an, torí fídíò WhatsApp kì í fi gbogbo ẹ̀ hàn.

Àkọ́kọ́ ná, kì í ṣe pé ó ṣí ọta tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ kó wá bu ẹ̀tù kúrò. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, a kì í bá a dúró sójú kan tó bá ń yìnbọn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó mú kèésì òfìfo, ìyẹn ìkarahun ọta, ó fi ìdáná tuntun sí ìdí ẹ̀, ó wọn ẹ̀tù lórí ìwọ̀n kékeré kan tó ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíréènì, gíréènì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti díẹ̀ ló sì tó wọ gíráàmù kan ṣoṣo, ẹ wo bó ṣe kéré tó. Orúkọ ẹ̀tù tó wà lára ike ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀tù náà mu, ọta yẹn gan-an, orí ọta yẹn gan-an. Ẹni tó bá ṣí ọta ilé iṣẹ́ ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀tù tó wà nínú ẹ̀, kò sí ẹni tó lè fojú mọ̀ ọ́n.

Orúkọ yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Hodgdon, wọ́n ní ẹ̀tù kan tó ń jẹ́ H4895, àwọn fúnra wọn ló sọ pé èèyàn lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìdá 60 nínú 100 òdiwọ̀n tó ga jù nínú ìwé àwọn, òun ni ọ̀pọ̀ bàbá fi ń di ọta fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìbọn. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ta H110 o, ti ìyẹn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dín in ju ìdá 3 nínú 100 lọ. Ẹ̀tù méjì, olówó kan náà, ọ̀kan gba kí ẹ dín ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì ò gbà ju mẹ́ta. Nítorí náà kò sí òfin kan tó ń jẹ́ "dín in kù díẹ̀".

Àwọn ẹ̀tù tí kì í tètè jó, tí wọ́n ń lò nínú kèésì ńlá, ìyẹn gan-an ló ń ba àwa tí a ń ṣe é lẹ́rù jù. Téèyàn bá fi díẹ̀ sínú kèésì gbàgàdà, dípò kí ó rọlẹ̀, wọ́n ti rí ìbọn tó fọ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀tù ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sísàlẹ̀ òdiwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Tún wò ó, kèésì tí ò kún, ẹ̀tù á máa ṣàn kiri nínú ẹ̀, tí ẹ bá kọjú ìbọn sókè tí ẹ wá sọ̀ ọ́ wálẹ̀ kí ẹ tó yìn ín, ẹ̀tù lè jókòó sẹ́yìn, tí ẹ bá gbé e sókè láti ilẹ̀, á jókòó síwájú, eré tí orí ọta ń sá ò ní bára mu. Ohun tó fà á nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀tù bíi Trail Boss, tó fúyẹ́ tó sì gba àyè bíi gúgúrú, kí kèésì lè kún láìjẹ́ pé agbára pọ̀.

Àti pé kì í ṣe ẹ̀tù nìkan ló dín, ẹ bi í wò. Á ti dín orí ọta náà. Ẹni tó ń yin ráífù tí wọ́n ń pè ní .308 tó máa ń lo orí ọta gíréènì 165 tàbí 180, á sọ̀ ọ́ sí 125. Ìyẹn nìkan ti mú nǹkan púpọ̀ kúrò léjìká. Ẹni tí kò bá ní àkókò fún gbogbo wàhálà yìí á lọ ra èyí tí wọ́n ti ṣe, Remington ti ta Managed-Recoil, Hornady ta Custom Lite, fún irú ẹni báyìí náà ni. Ó sì ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni: orí ọta tí ò sáré tó lè má là nínú ẹran, ẹran á gbé e lọ, á lọ kú síbi tí ẹnì kankan ò ti ní rí i. Nítorí náà ibi tó sún mọ́ ni wọ́n ti ń lò ó. Ó sì ń balẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí ojú ìbọn tẹ́lẹ̀ ń wò, èèyàn gbọ́dọ̀ tún un tò.

Ti yín kì í ṣe ráífù rárá. Prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí ẹ̀tù fi ń ti ọ̀pá, tí wọ́n gbà láàyè nínú .308 jẹ́ 62,000 psi, ti 12 bore lásán ò ju 11,500 lọ. Ọ̀pá ìbọn yín fẹ́lẹ́ sí ti ráífù. Ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe lórí tábìlì ẹ̀ ò kan ìbọn yín níbì kankan.

Ṣẹ́gun_ÒkèFíà

Ẹ̀gbọ́n Dèjì, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn bàbá wa ò máa ń dín ẹ̀tù ṣakabùlà ni? Bàbá àgbà tèmi, ẹ̀tù ẹyẹ yàtọ̀ sí ẹ̀tù ẹran lọ́wọ́ ẹ̀.

Àkàndé_AròỌdẹ

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo bi. Òótọ́ ni, ẹni tó ń lo ṣakabùlà ló ń wọn ẹ̀tù ẹ̀ fúnra ẹ̀, òun ló ń ki í, òun ló ń fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bó ṣe wù kó kéré, á ki nǹkan tẹ̀ lé e títí kò fi ní sí àyè láàárín. Ẹ̀tù dúdú ni. Ti ẹ̀tù dúdú, bí o bá fi díẹ̀ sí i á jó díẹ̀. Èyí tó wà nínú ọta òyìnbó, ẹ̀yà míì ni pátápátá. Mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ tó bá ń ka èyí gbọ́ dáadáa: ẹ má ṣe da ẹ̀tù inú ọta òyìnbó sínú ṣakabùlà láéláé. Mo ti bá wọn lọ kí ẹni tó ṣe é, ìka tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ò ṣeé fi jẹun. Irin tí alágbẹ̀dẹ wa rọ ò mọ ẹ̀tù yẹn rí.

Ó yá, Bàbá Àgbàdo. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ èjìká. Bí mo ṣe rí i, ọ̀pọ̀ tí ìbọn ń gbá, àwọn ni wọn ò jẹ́ kí ìbọn sinmi lára wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀, wọ́n fà á sẹ́yìn díẹ̀, àyè wà láàárín ìdí ìbọn àti ara. Nígbà tó bá dún, á ti gba eré kó tó kan eegun. Ẹ fà á mọ́ra. Ibi kòtò tó wà láàárín èjìká àti àyà ni kí ìdí ìbọn wọ̀, kì í ṣe ṣóńṣó èjìká, kì í sì í ṣe eegun tó kán yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn lé igi. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ara tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ara lè bá a lọ sẹ́yìn. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ yìnbọn, ẹ má fẹ̀yìn ti igi yìnbọn, ara tí kò rí àyè lọ sẹ́yìn, òun ló ń jẹ gbogbo ẹ̀.

Ẹ wo ìdí ìbọn yẹn, ṣé irin ló wà níbẹ̀ àbí igi lásán? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá ẹni tó ń tún ìbọn ṣe tó níwèé àṣẹ, kó fi róbà rírọ̀ sí i. Àmọ́ kó gé igi kúrò níwọ̀n bí róbà ṣe nípọn tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbọn á gùn jù, á máa há yín lábíyá.

Ìkejì, ẹlẹ́nu méjì àtijọ́ ni. Ṣé ẹ ti rí i kí ẹnu méjèèjì dún pọ̀ rí? Irin inú ẹ̀ tó bá ti jẹ, bí ọ̀kan ṣe ń dún ni ìró ẹ̀ ń já èkejì. Ìyẹn lè fọ́ èjìká tí kò tiẹ̀ kán rí.

TísàFísíìsì

Ẹ̀yin bàbá ti sọ tán, díẹ̀ ni tèmi. Ohun tó ń gbáni kì í ṣe ẹ̀tù nìkan, ìwọ̀n òjé tó ń jáde ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìyẹn sì ni ohun tí ẹ lè yí padà láìfọwọ́ kan ẹ̀tù rárá, lórí páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìbọn yín wọn kílò 3, òjé ń jáde ní nǹkan bíi mítà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí òjé bá jẹ́ gíráàmù 36, tí a fi róbà àti ẹ̀tù tó ń bá a jáde kún un, ìbọn á gbá yín pẹ̀lú nǹkan bíi joule 50, joule ni wọ́n fi ń wọn agbára. Tó bá jẹ́ gíráàmù 28, á já sí bíi 33. Tó bá jẹ́ 24, bíi 26. Ìdajì ti lọ nìyẹn, ẹ ò sì ṣí nǹkan kan. Ìbọn tó bá wúwo náà ń ràn yín lọ́wọ́: gíráàmù 28 kan náà nínú ìbọn kílò 4, á tó bíi 25. Ìdí nìyẹn tí ìbọn fífúyẹ́ táwọn èèyàn ń rà torí pé ó rọrùn láti gbé kiri fi ń gbáni bí ìbáaka.

Ọ̀yà tó wà ní mítà 20, 25, kò nílò gíráàmù 36. Ẹ ń pa ẹran ni, ẹ ò jagun.

ÌyáLọ́yà_Alẹ́kúwodò

Ẹ má bínú, mi ò mọ ìbọn, òfin ni mo mọ̀. Firearms Act ti 1959 tí a ṣì ń lò kò fún aládàáni láyè láti máa ṣe ọta nílé lórílẹ̀-èdè yìí. Ìwé àṣẹ tí bàbá ní, àṣẹ láti ní ìbọn ni, kì í ṣe àṣẹ láti máa di ọta. Àti pé kí wọ́n má gbé ìbọn yẹn sún mọ́ Igbó Ọ̀ṣun o, wọn ò gbọdọ̀ dọdẹ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀nà Ìlobù lẹ wà, mo kàn sọ ọ́ ni torí àwọn tó ń kà láìsọ̀rọ̀.

ỌmọỌdẹ_Òkínní

Màmá, ẹ ṣeun. Ìlú tí ọdẹ bíi Tìmẹ́hìn bá wọn tẹ̀ dó, ó yẹ kí àwa ọdẹ ibẹ̀ mọ òfin ju gbogbo èèyàn lọ.

Bàbá Àgbàdo, ẹ bá wa wo nǹkan méjì. Kí ni wọ́n kọ sára páálí ọta tí ẹ ń rà? Gíráàmù mélòó, mìlímítà mélòó? Kí ẹ sì yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ẹ tú u sí méjì, ẹ wo abẹ́ ọ̀pá nítòsí ibi tí ọta ń wọ̀, nọ́ńbà máa ń wà níbẹ̀.

BàbáÀgbàdo_Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá wa da gbogbo yín sí. N ò ní ṣí ọta kankan mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀.

Páálí: wọ́n kọ 36 g síbẹ̀, wọ́n kọ 70 mm. Abẹ́ ọ̀pá: ìkọ̀wé òyìnbó pọ̀ níbẹ̀, ipata ti bo díẹ̀, àmọ́ mo rí 12, mo sì rí 2½ pẹ̀lú àmì íǹsì. England ni wọ́n ti ṣe é. Ìdí ìbọn, irin ni, Bàbá Àkàndé, ẹ ò parọ́. Ẹnu méjèèjì ò tíì dún pọ̀ rí.

Ọta ọ̀hún sì ń wọlé geere o, kì í há.

Dèjì_Atlanta

Ẹ dúró, ẹ dúró. 2½?

Bàbá, ẹ má yin ìbọn yẹn mọ́ títí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. 2½ íǹsì, mìlímítà 65 ni. Ihò tí ọta ń wọ̀ nínú ìbọn yín, ọta 65 ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. 70 lẹ ń ki sínú ẹ̀. Ìdí tó fi ń wọlé geere ni pé 70 tí wọ́n kọ sára páálí, gígùn ọta lẹ́yìn tó bá ti dún tí ẹnu ẹ̀ ṣí tán ni. Kó tó dún, ẹnu ẹ̀ ká sínú, ó kúrú, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Ìgbà tó bá dún ni ẹnu ẹ̀ máa fẹ́ ṣí, á wá ṣí sínú ibi tí ọ̀pá ti ń fún, òjé àti róbà á máa fipá gba ibi tóóró yẹn kọjá, prẹ́ṣọ̀ á lọ sókè, gbígbá náà á lọ sókè. Ìbọn àtijọ́ fúyẹ́, òjé 36, ihò kúrú. Kì í ṣe èjìká yín nìkan ló ń ṣe yín.

Àkàndé_AròỌdẹ

Kò yà mí lẹ́nu tí bàbá wọn náà fi ń ráhùn.

BàbáÀgbàdo_Òṣogbo

Háà. Ṣé ìbọn ti bàjẹ́ nìyẹn? Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe 65 yẹn?

Dèjì_Atlanta

Wọ́n ń ṣe é. Eley ń ṣe é, Gamebore náà ń ṣe é, torí pé irú ìbọn yẹn ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ní England. Ẹ béèrè 65 mm, gíráàmù 28 tàbí kó tiẹ̀ kéré sí i, lọ́dọ̀ ẹni tó níwèé àṣẹ títa ọta, ẹ sì fojú ara yín ka páálí, ẹ má gba "bákan náà ni" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Tí wọn ò bá ní, ẹ ní sùúrù kí wọ́n bá yín wá a.

Bóyá ó ti bàjẹ́, n ò lè wò ó láti ibí. Kí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò yẹ ibi tí ọ̀pá ti pàdé irin ẹ̀yìn, bóyá ó ti ń mì tàbí ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, kó sì yẹ inú ọ̀pá bóyá ibì kan ti wú. Tó bá ti wú, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi.

Ṣẹ́gun_ÒkèFíà

Bàbá, kó tó dìgbà yẹn, mo ní wáyà, mo lè bá yín fi ṣe ọgbà yí oko ká, ọ̀yà ò ní wọlé. Iye tí mò ń gbà ò wọ́n.

BàbáÀgbàdo_Òṣogbo

Ìwọ tó o ní kí n ṣí ọta. Fi nọ́ńbà ẹ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, mo ń bọ̀ ní Òkè-Fíà lọ́jọ́ ọjà.